Àbẹ́là Kọ́ La Fi Ń Dí Ìdí Gíláàsì Kẹ́tùlù

Kò sí aláṣọ funfun tí kò mọ bí àárọ̀ ọjọ́ ìkórè àwọn ọmọdé ṣe máa ń rí. Ẹsẹ̀ lásán ni tọmọdé tàgbà wà. Àwọn ọmọ á máa sáré kiri nínú sùtánà tó gùn jù wọ́n lọ, àwọn ìyá á máa pè wọ́n, wọn ò ní dáhùn. Ibi tí òórùn tíì àti àkàrà bá ti ń wá ni wọ́n máa forí lé.

Ìyá Wùmí, olórí ilé ìdáná ní ìjọ kan ní Richmond, lẹ́bàá Houston níbí, ti dé ṣáájú gbogbo wọn. Orin ló bá wọlé, orin ló fi gbálẹ̀, orin náà ló fi ń bu omi sínú kẹ́tùlù ńlá oníná tí ìjọ fi ń po tíì. Kẹ́tùlù yìí ga tó ọmọ ọdún mẹ́ta. Ó ní tápù níwájú. Lókè tápù ni páìpù gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́ kan dúró sí lóòró, inú rẹ̀ lèèyàn ti ń rí ibi tí omi dé.

Gíláàsì náà ti fọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, nígbà tí ẹnìkan fi ìkòkò gbá a. Alàgbà Bíyìí, alága ìkórè, ló ní òun á wá òmíràn. Ó sì wá a lóòótọ́. Ó ti wà lára kẹ́tùlù, ó ń dán.

"Bíyìí ọmọ mi, o káre," ni Ìyá Wùmí wí lóun nìkan. Ó tan iná, ó ń bá orin rẹ̀ lọ.

Omi bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ìyá Wùmí ń to ife. Ni nǹkan kan bá kán sí i lọ́mọ ìka ẹsẹ̀, ó ta á bí ìjàlọ. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wò ó. Nǹkan funfun kan ń yọ́ ní ìdí gíláàsì, ó ń ṣàn wálẹ̀ bí òógùn. Ó fi ṣíbí họ ọ́, ó gbóòórùn rẹ̀. Àbẹ́là ni.

Ó wo ẹnu ọ̀nà. Àwọn ọmọ ti ń tò. Ẹsẹ̀ lásán, gbogbo wọn.

Ìyá Wùmí fa wáyà yọ lára ògiri, ó fà á yọ lára kẹ́tùlù pẹ̀lú, ó sán an mọ́ ìdí bí ọ̀já. Ó lé àwọn ọmọ jáde, ó gbé àga dí ẹnu ọ̀nà, ó jókòó lé e. Ó wá pe Olúwabùnmi, ọmọ ìjọ tó jẹ́ ẹnjiníà páìpù ní iléeṣẹ́ epo kan lọ́nà ìlú Spring.

"Bùnmi, o ti wà lórí freeway? Ó dáa. Irin tó o fi ń wọn páìpù, mú un bọ̀."

Kò pẹ́ sígbà náà ni Alàgbà Bíyìí gba ẹ̀gbẹ́ àga kọjá wọlé. "Màmá, tíì dà? Àwọn ọmọ ń dúró."

"Kí wọ́n máa dúró. Ẹni tó ń dúró kò tíì jóná."

"Kí ló dé?"

"Ṣé àbẹ́là ni mo rí nídìí gíláàsì yẹn ni, àbí ojú mi ló ti di bàìbàì?"

Alàgbà rẹ́rìn-ín. "Gíláàsì yẹn fi bín-ín-tín kéré sí ojú ihò ni. Mo yọ́ àbẹ́là yí i ká. Mo da omi sí i lánàá, kò jò rárá. Perfect."

"Omi tútù lo dà sí i."

"Ṣé omi kọ́ ni omi ni?"

"Tó o bá rò pé ọ̀kan náà ni wọ́n, ti ẹsẹ̀ rẹ bọ èyí tó wà nínú kẹ́tùlù."

"Màmá, ẹ jẹ́ ká nígbàgbọ́."

"Ìgbàgbọ́ wà nínú mi. Wáyà wà nídìí mi."

Ojú Alàgbà yí padà. "Tí tíì ò bá jáde, ìgbìmọ̀ máa gbé ilé ìdáná fún ẹlòmíràn. Mo ti sọ tèmi."

Ìyá Wùmí wo kọ́kọ́rọ́ ilé ìdáná tó so mọ́ aṣọ rẹ̀. Wùmí ṣì ń lọ daycare nígbà tí wọ́n fi í ṣe olórí ilé ìdáná yìí, ọmọ Wùmí ló ń lọ daycare báyìí. Kò sí ohun tó ń jẹ́ tirẹ̀ ní ìlú yìí tó bẹ́ẹ̀. Ó tú kọ́kọ́rọ́ lára aṣọ, ó jù ú sí Alàgbà.

"Gba kọ́kọ́rọ́. Gba ìkòkò. Gba ṣíbí ìrokò. Wáyà nìkan ni mi ò ní fún ọ. Ìgbà tó o wá kàwé níbí, tó ò mọ ìrẹsì í sè, ta ló bọ́ ọ? Mi ò da omi gbóná sí ọ lára rí. O ò ní dà á sọ́mọ ọlọ́mọ lára lójú mi."

Ló bá fi orin sí i:

*Omi gbígbóná kò mọ wòlíì,*
*Omi gbígbóná kò mọ ọmọdé,*
*Ẹ bá n wí fẹ́ni tó fàbẹ́là dí i,*
*Á yọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ o, á yọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.*

"Màmá, ẹ wò ó, ó le," ni Alàgbà wí. Ó na ọwọ́ kan gíláàsì.

Gíláàsì yọ. Omi tú jáde ṣààà, ooru gba ilé ìdáná kan. Alàgbà Bíyìí, tó ti ń sọ látàárọ̀ pé orúnkún ń dun òun, fò sórí tábìlì àkàrà. Omi náà ṣàn lọ sí ibi táwọn ọmọ ti máa ń tò gba tíì, ó tẹ́ síbẹ̀, ó ń rú èéfín.

Alàgbà ń wo ilẹ̀.

Ibẹ̀ ni Bùnmi bá wọn. Nígbà tí omi tutù, ó mú irin ìwọn rẹ̀ jáde, èyí tó ń di nǹkan mú bí ọwọ́ akàn.

"Daddy, báwo lẹ ṣe ra gíláàsì yìí?"

"Mo wo fọ́tò lórí fóònù. Wọ́n jọra."

"Ìbejì náà jọra, bàtà wọn lè má ṣe ọ̀kan náà. Màmá, ti àtijọ́ ńkọ́?"

Ìyá Wùmí kì í tètè da nǹkan nù. Ó ti fi aṣọ wé àfọ́kù rẹ̀ sínú kọ́bọ́ọ̀dù.

Bùnmi fi irin ìwọn di àfọ́kù náà mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. "Ẹ wò ó, ìdajì íǹṣì lèyí, ó fi díẹ̀ ju mìlímítà méjìlá lọ. Èyí tẹ́ ẹ rà, mìlímítà méjìlá ni. Ojú ò rí ìyàtọ̀ wọn, omi gbóná rí i. Ká wọn gígùn náà, láti inú ihò ìsàlẹ̀ dé inú ihò òkè. Wáṣà rọ́bà méjèèjì tó ń dí ihò kó má jò ti gan, a máa pààrọ̀ wọn, àwọn náà ní sáìsì. Gíláàsì tí ooru ò lè fọ́ la sì máa rà."

Ó wo ìdí kẹ́tùlù, ó rí nọ́mbà tó fi irú kẹ́tùlù náà hàn, ó ní kí Alàgbà pe àwọn tó ṣe é, kó sọ nọ́mbà náà fún wọn, kí wọ́n lè fi gíláàsì tó bá a mu ránṣẹ́.

Ìkòkò orí gáàsì ni wọ́n fi se tíì lọ́jọ́ náà. Ó pẹ́ kó tó jáde, àwọn ọmọ mu ún, wọ́n sì jó.

Nígbà tí gíláàsì tó bá ihò mu dé, Alàgbà Bíyìí fúnra rẹ̀ ló kó kọ́kọ́rọ́ padà wá fún Ìyá Wùmí. Wọ́n da omi tútù sí kẹ́tùlù, kò jò.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, wáyà."

"Ẹsẹ̀ ta ló wà nítòsí?"

"Kò sí, Màmá. Mo ti lé wọn. Mo wọ bàtà pàápàá."

Ìyá Wùmí wo bàtà náà dáadáa, ó tú wáyà nídìí.

Ẹ̀yin ìyá ilé ìdáná, ẹ̀yin bàbá tó ń bá wa tún nǹkan ṣe, bí gíláàsì kẹ́tùlù bá fọ́, ẹ fa wáyà yọ ná. Ẹ tọ́jú àfọ́kù, ẹ má fọwọ́ lásán mú un. Ẹ wọn bó ṣe fẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kan sí ìkejì, ẹ wọn gígùn rẹ̀, ẹ mọ̀ bóyá íǹṣì ni tàbí mìlímítà, kẹ́ ẹ tó rà. Fọ́tò kì í wọn nǹkan. Ẹ pààrọ̀ wáṣà rẹ̀ pẹ̀lú. Àbẹ́là, gọ́ọ̀mù, ṣìnígọ́ọ̀mù àti lailọ́ọ̀nù, ẹ jẹ́ kí wọ́n jìnnà sí i. Ẹ fi omi tútù dán an wò, lẹ́yìn náà omi gbígbóná, kí ọmọ kankan má sí nítòsí. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ní kẹ́ ẹ yára, ẹni yòówù kó jẹ́, ẹ jókòó lé wáyà, kẹ́ ẹ máa kọrin.