Eegun Tòlótòló Mẹ́sàn-án

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ọdún ni fíríìjì ńlá ilé ìdáná wa dákẹ́, ọjọ́ náà ni mo sì rí ọkùnrin tó dà mí láàmú.

Ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn àgbàlagbà ni mo ti ń dáná nígbà náà. Ọgọ́ta ẹnu ni mò ń bọ́ lójúmọ́, ọ̀pọ̀ wọn ò sì ní eyín mọ́. Tòlótòló mẹ́sàn-án la sun fún ọdún. A ti gé ẹran ara wọn jẹ, eegun ló kù, pẹ̀lú ọrùn, apá àti awọ díẹ̀díẹ̀. Inú fíríìjì yẹn ni mo kó gbogbo rẹ̀ sí. Nígbà tí mo ṣí i láàárọ̀, mi ò gbọ́ ìró kankan nínú ẹ̀. Mo fọwọ́ kan àwọn eegun náà. Òtútù ṣì wà lára wọn, ṣùgbọ́n kò ní pẹ́ lọ.

Wọ́n rán atúnfíríìjìṣe sí wa kíá. Ọkùnrin gíga kan ni, àpò irinṣẹ́ rẹ̀ ń dún ṣaworo. Kí n tó dáhùn ìkíni rẹ̀, ó ti tú ẹ̀yìn fíríìjì, ó ti lọ wo ojú fèrèsé, ó ti tún padà dé.

"Mọ́tò inú ẹ̀ ló jóná," ló wí. "Ọ̀la ni òmíràn máa dé. Ẹ kó àwọn eegun yẹn dànù kó tó di ọ̀sán."

"Kí n kó kí ni dànù? Oúnjẹ ọjọ́ méjì lẹ̀ ń wò yẹn."

"Eegun lásán?"

"Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n sè ló ń pè é ní lásán."

Ó rẹ́rìn-ín. Mo rò pé á kó irinṣẹ́ rẹ̀, á máa lọ. Ó fọ ọwọ́ rẹ̀ ni, ó ní, "Ó dáa, kí la máa kọ́kọ́ ṣe?"

Mo fún un ní ọ̀bẹ ńlá, mo ní kó máa dá àwọn eegun náà sí méjì-méjì kí mùdùnmúdùn inú wọn lè rí ọ̀nà jáde. Èmi ń tò wọ́n sínú àwo pẹrẹsẹ, mò ń tì wọ́n sínú àdìrò títí ara wọn fi pọ́n dẹ̀dẹ̀. Òórùn gba gbogbo ilé. Lẹ́yìn náà ni mo pín wọn sínú ìkòkò mẹ́ta. Mo bu omi tútù lé wọn lórí, mo ta fínígà díẹ̀ sí i, mo ju àlùbọ́sà tòun ti èèpo sí i, kárọ́ọ̀tì, ááyù, àti ata dúdú oníhóró.

"Iyọ̀ ńkọ́?"

"Ìgbẹ̀yìn ni tiyọ̀. Omi yìí máa fà. Tá a bá fi iyọ̀ sí i báyìí, bó bá fà tán, omi òkun la máa mu."

Kò pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó fi na ọwọ́ láti mú iná le sí i. Mo gbá a lọ́wọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́! Tó bá hó gùdùgùdù, ọ̀rá máa pò mọ́ ọn, á wá dà bí omi ìfọṣọ. Ẹ jẹ́ kó máa rọra ta púkẹ́púkẹ́."

"Fún wákàtí mélòó?"

"Mẹ́rin."

"Mẹ́rin! Mi ò tíì dúró síbì kan fún wákàtí mẹ́rin láyé mi."

Òótọ́ ló sọ. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló lọ, ẹ̀ẹ̀mẹrin ló padà lọ́jọ́ náà, láàárín iṣẹ́ kan sí òmíràn. Bó bá dé, á mú ṣíbí, á gbọn ìfófó kúrò lójú omi, á tún sá jáde. Nígbà tó dé kẹ́yìn, mò ń sẹ́ omi náà, mò ń ronú bí mo ṣe máa mú un tutù láìsí fíríìjì. Ó ti ilẹ̀kùn pẹ̀lú ẹ̀yìn rẹ̀, nítorí pé yìnyín ló gbé sọ́wọ́ méjèèjì.

"Mo rántí pé ẹ ò ní fíríìjì," ló wí.

A kó ìkòkò sínú yìnyín. Mo fi iyọ̀ sí ife kan, mo gbé e fún un. Ó mu ún. Ó dúró síbì kan ṣoṣo, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì dákẹ́, ó sì ń wò mí. Mo bá dojú kọ ìkòkò bí ẹni pé mo sọ nǹkan nù síbẹ̀.

Mọ́tò dé lọ́jọ́ kejì, ó tún un ṣe. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ó wá wò ó bóyá ó ń ṣiṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó tún dé. Ọ̀gá wa obìnrin wò wá títí, ó ní, "Fíríìjì yìí mà dà bí ìkókó o. Dókítà rẹ̀ ò jìnnà sí i."

Ẹsẹ̀-ò-gbélé ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́. Èmi, Adúró-ti-ná. Iṣẹ́ mẹ́fà ló ti ṣe láàárín ọdún mẹ́rin. "Bí mo bá pẹ́ níbì kan," ó sọ fún mi, "ara mi á máa yún mi bí ẹni tó wọ aṣọ àpò." Mo fi í ṣẹ̀fẹ̀, mo ní bóyá kòkòrò ló wà lára ẹ̀. Ohun tí mi ò sọ fún un ni pé láti ìgbà tí ìyá mi ti kú, ọ̀pọ̀ ìrọ̀lẹ́ ni mo máa ń mọ̀ọ́mọ̀ kọjá ibùdókọ̀ wa. Mo máa ń jókòó sínú bọ́ọ̀sì dé òpin ọ̀nà, kí n tó wọ òmíràn padà sílé. Mi ò mọ ohun tí mò ń wá. Mo kàn mọ̀ pé nígbà tí bọ́ọ̀sì bá ń lọ, àyà mi máa ń fúyẹ́.

Èmi àti bàbá mi là ń gbé, ní yàrá méjì lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Awakọ̀ tírélà ni bàbá mi kó tó fẹ̀yìn tì, èmi nìkan sì ni ọmọ tó bí. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń se ẹyin. Nígbà tí mo mú ọkùnrin náà wá sílé, ó kí bàbá mi dáadáa.

"Ẹ káàsán, sà."

"Káàsán, ọmọ mi. Jókòó."

Ó jókòó. Ó wo fáànù tó ń han lókè. Kí omi tí mo gbé fún un tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ti gun àga, ó ń dè é. Bàbá mi ń wò ó láti ìsàlẹ̀, ojú rẹ̀ le.

Nígbà tó lọ tán, bàbá mi ní, "Ọmọ dáadáa ni. Má fẹ́ ẹ."

"Bàbá!"

"Mo mọ irú ọkùnrin yẹn. Èmi gan-an ni. Ọdún mẹ́tàlélógún ni mo fi wa tírélà, ọdún mẹ́tàlélógún ni ìyá rẹ sì fi ń sáré sójú fèrèsé bó bá gbọ́ ìró ọkọ̀. Ọjọ́ tó kú, ojú ọ̀nà ni mo wà. Ìwọ lo pa á lójú dé. Ohun tí ojú rẹ̀ rí, tìrẹ ò ní í rí i."

Kò pé oṣù kan tí ọ̀rọ̀ bàbá mi fi ń ṣẹ. Ọkọ̀ ojú omi kan tó ń gbé èrò káàkiri ayé ń wá ẹni tó máa bójú tó àwọn yàrá òtútù inú ẹ̀. Wọ́n mú un. Ó sáré wá bá mi níbi iṣẹ́, ojú rẹ̀ ń dán bí tọmọdé.

"Ọdún kan péré, adúmáradán mi. Dúró dè mí."

"Mi ò dúró."

"Àbí o ò fẹ́ràn mi?"

"Mo fẹ́ràn rẹ débi pé ó ń dùn mí. Ṣùgbọ́n mo ti fojú mi rí ẹni tó ń dúró deni. Mi ò lè ṣe é."

Ó wò mí títí. Ó ní, "Ó dáa. Mi ò lọ mọ́."

Inú mi dùn. Ó dùn fún bí ọ̀sẹ̀ méjì. Ó gba iṣẹ́ sí ilé àtúnṣe kan, ó ń lọ láàárọ̀, ó ń bọ̀ nírọ̀lẹ́. Kò rojọ́. Ṣùgbọ́n tá a bá ń jẹun, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa lu ilẹ̀ lábẹ́ tábìlì, bí ẹni tó ń wa ọkọ̀ tí kò lọ síbì kankan. Ó rù. Ẹ̀fẹ̀ rẹ̀ tán. Ìyá rẹ̀, aránṣọ tó ń gbé ní ìlú mìíràn, pè mí lórí fóònù.

"Ọmọ mi, mi ò bá ẹ jà o," ló wí. "Mo kàn fẹ́ béèrè. Ọmọ tí kì í pa ẹnu dé ni mo bí. Báyìí, tó bá pè mí, mo máa ń ní, 'Ṣé o ṣì wà níbẹ̀?' Kí ló ṣe é?"

Èmi gan-an ni mo so ó mọ́lẹ̀.

Ọdún tún yí po. A sun tòlótòló kan nílé, àwa mẹ́ta la jọ jẹ ẹ́. Ìdí oúnjẹ ni olólùfẹ́ mi ti mẹ́nu bà á pé ọkọ̀ ojú omi yẹn tún kọ̀wé. Ọkọ̀ náà máa gbéra lọ́jọ́ mẹ́fà sí i. Ó ti fèsì pé òun ò lọ.

Mi ò mọ ìgbà tí mo sọ ọ́. "Ta ló ń dáná nínú ọkọ̀ náà?"

Ó gbójú sókè. "Wọ́n ní alásè márùn-ún. Wọ́n ń wá ẹ̀kẹfà."

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Ìwọ? Adúró-ti-ná?"

"Ṣé kò síná nínú ọkọ̀ ni?"

Níbẹ̀ ni mo ti sọ gbogbo rẹ̀: bọ́ọ̀sì, òpin ọ̀nà, àyà tó ń fúyẹ́. Bó ṣe ń gbọ́ ọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, omijé sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Bàbá mi gbé ṣíbí rẹ̀ kalẹ̀. Ó dìde, ó wọ yàrá, ó pa ilẹ̀kùn dé.

Láàárọ̀, ó bá mi lẹ́nu ọ̀nà bí mo ṣe ń lọ síbi iṣẹ́.

"Mo ń ṣọ́ ọkùnrin yẹn pé ó máa lọ," ló wí. "Mi ò mọ̀ pé ìwọ ló yẹ kí n máa ṣọ́."

"Bàbá, ta ni mo jọ?"

Mo sọ̀kalẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì ń gún mi lọ́kàn. Mo gé ara mi níka níbi iṣẹ́, mo da wàrà sílẹ̀. Nígbà tó di ọ̀sán, mo pe olólùfẹ́ mi, mo ní kó máa lọ, kó fi mí sílẹ̀. Mi ò lè fi àgbàlagbà tí kò mọ ẹyin sè sílẹ̀ lóun nìkan. Ó ní, "Tó o bá dúró, èmi náà dúró." Ìyẹn ló wá burú jù.

Nígbà tí mo délé, èéfín kún ojú àtẹ̀gùn. Mo sáré gòkè. Bàbá mi dúró ní ilé ìdáná, ìkòkò dúdú kan wà níwájú rẹ̀. Ó ti kó eegun tòlótòló ọdún sórí iná, ó sì ti lọ jókòó ní pálọ̀ títí omi fi gbẹ.

"Ẹ gbé e fún mi, Bàbá."

"Má fọwọ́ kàn án. Eegun itan àti ọrùn ṣì kù." Ó fi ẹsẹ̀ ti àpótí ìjókòó sí mi. "Jókòó síbẹ̀. Má dìde. Ṣé omi tútù ni àbí gbígbóná?"

"Tútù, sà. Ẹ kọ́kọ́ sun eegun náà ná."

Ó sun ún. Ó bu omi, ó gé àlùbọ́sà, ojú rẹ̀ ń ṣomi. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í hó, ó fojú sún mọ́ iná bí ẹni tó ń wo ẹ́ńjìnnì, ó dín in kù, ó tún dín in kù, títí ó fi ń ta púkẹ́púkẹ́. Kò jìnnà sí i mọ́. Ibẹ̀ la jọ wà.

Ó ní, "Ìyá rẹ bẹ̀ mí lẹ́ẹ̀kan pé kí n mú òun dání. Ó ti di ẹrù rẹ̀. Ó fẹ́ mọ ibi tí mò ń lọ. Mo ní lọ́dún tó ń bọ̀." Ó gbọn ìfófó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ọdún tó ń bọ̀ yẹn ò dé."

Mi ò gbọ́ èyí rí. Mo fẹ́ dìde lọ dì mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ó ti ní kí n má dìde.

Ó sẹ́ omi náà, ó fi iyọ̀ sí i, ó bù ú fún mi. Mo mu ún.

"Iyọ̀ pọ̀," ló wí, kí n tó ya ẹnu.

"Ó pọ̀ díẹ̀, sà."

"Ọ̀la màá dín in kù." Ó yí ẹ̀yìn sí mi, ó ń fọ ṣíbí. "Pe ọkùnrin rẹ yẹn. Sọ fún un kó wá mu tiẹ̀ kó tó tutù. Kó sì wá sọ fún mi irú ọkọ̀ tó fẹ́ gbé ọmọ mi wọ̀."

Wọ́n gbà mí sínú ọkọ̀ náà gẹ́gẹ́ bí alásè kẹfà, ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà sì la fọwọ́ síwèé ìgbéyàwó. Ọkọ mi ti fọwọ́ sí tiẹ̀ kí akọ̀wé tó tọ́ka sí ibi tó yẹ, ó sì ní láti tún un kọ. Ìyá rẹ̀ wá. Ó wò mí látòkè délẹ̀, ó gbọ́ bí ọmọ rẹ̀ ṣe ń sọ̀rọ̀ tí kò dákẹ́, ó ní, "A dúpẹ́. Ó ti padà wá."

Ní èbúté, bàbá mi gbé àpò mi fúnra rẹ̀. Kò jẹ́ kí ọkọ mi gbà á.

"Ẹ máa jẹun o, Bàbá."

"Mo ti gbọ́. Kọ̀wé sí mi. Má kọ 'ara mi le' nìkan o. Irọ́ tí mo máa ń pa fún ìyá rẹ nìyẹn. Kọ ohun tí o rí."

Mo dì mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà ni mo gòkè.

Nígbà tí ọkọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í kúrò, àwọn èèyàn ń juwọ́ sí àwọn ènìyàn wọn. Bàbá mi ò juwọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa lórí èbúté, ó fi ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, ojú rẹ̀ lára mi. Bí ọkọ̀ bá yára, ó yára. Ọkọ mi di ọwọ́ mi mú. Bàbá mi ń bá wa lọ bẹ́ẹ̀ títí ilẹ̀ fi tán níwájú rẹ̀.