Ìka Mi Nínú Agbóòórùn

"Ṣé ẹ ò fi nǹkan kan sínú ẹ̀rọ yìí?" ni onímọ̀ ẹ̀rọ tó wá tò ó béèrè.

"A ò fi nǹkan kan sí i," ni bàbá mi, tó ń tọ́jú làbù, dáhùn.

Síbẹ̀, ẹ̀rọ náà ń yàwòrán. Lójú kọ̀ǹpútà, àwọn ìlà tín-ín-rín ń dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ìka ẹni tó fẹ́ gun ògiri jáde. Pọ́ǹpù abẹ́ tábìlì ń mí hìì, hìì.

Ọdún mẹ́fà ni kọ́lẹ́ẹ̀jì wa fi tọrọ ẹ̀rọ yìí fún ìwádìí kẹ́mísírì àti bàọ́lọ́jì. Ohun tí ojú ò lè rí, ó ń wọ̀n ọ́n, ó sì ń fi ìlà sọ ohun tó jẹ́. Àwa akẹ́kọ̀ọ́ sọ ọ́ ní Agbóòórùn. Bí inú rẹ̀ bá ṣófo, ó gbọ́dọ̀ dákẹ́. Bí kò bá dákẹ́ títí ọ̀sán ọ̀la, àwọn tó fún wa yóò gbé e padà.

"Kọ́kọ́rọ́ ọwọ́ yín nìkan ló ń ṣí yàrá yìí," ni ọ̀gá àgbà kọ́lẹ́ẹ̀jì sọ fún bàbá mi. "Bí kì í bá ṣe ẹ̀yin, ta ni?"

"Bí iwin bá ń lo kọ́kọ́rọ́, sà, ẹ lọ mú iwin."



Onímọ̀ ẹ̀rọ sún mọ́ kọ̀ǹpútà. "Ọ̀rá ara èèyàn ni, àti ìpara. Ẹnìkan wà nínú rẹ̀."

Mo ká ìka mi mọ́ àtẹ́lẹwọ́. Lọ́jọ́ Ajé, bàbá fi kọ́kọ́rọ́ rán mi pé kí n bá òun mú fìlà nínú yàrá yìí. Ọ̀rẹ́ mi, Ẹnu-Dùn, tẹ̀ lé mi. Irin inú ẹ̀rọ tí wọn ò tíì tò wà lórí aṣọ funfun, ó ń dán bíi dígí. "Ọmọ onílàbù tó ń bẹ̀rù irin!" ló wí. Mo tẹ ìka mọ́ ọn láìwọ ìbọ̀wọ́, mo sì fi ẹ̀wù nù ún. Kò sí àpá kankan.

"Dákẹ́ o," ni Ẹnu-Dùn, tó dúró tì mí báyìí, sọ sí mi létí. "Ẹ̀rọ ò lẹ́nu."

Ìlà mìíràn tún dìde.

"Èmi ni," ni mo wí.

Bàbá wò mí. Wọ́n tú ẹ̀rọ náà, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n fi iná gbígbóná yan án di àárọ̀. Nígbà tó di ọ̀sán, àwọn ìlà sùn pẹrẹsẹ. Kọ́lẹ́ẹ̀jì gba ẹ̀rọ, bàbá ò pàdánù iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ọdún kẹta rèé, kò fi kọ́kọ́rọ́ rán mi mọ́. Mi ò bẹ̀ ẹ́. Mo mọ ẹni tó jẹ̀bi.

Àṣegbé kò sí, àṣepamọ́ ló wà. Ẹni tó bá ṣe ohun tí kò yẹ, kó tètè jẹ́wọ́, kí ẹ̀bi rẹ̀ má baà bọ́ sí ọrùn ẹlòmíràn. Ohun tí o nù kúrò lójú èèyàn kò tí ì kúrò níbi tí o fi í sí.