Bíréèkì Ọkọ̀ Ẹgbẹ́ Akọrin

Àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan ni, ní ọdún 1998. Àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ akọrin ti ń wọ ọkọ̀ J5 àtijọ́ tó jẹ́ ti ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Ìyàrò, ní ìlú Bìní. Aṣọ funfun ni gbogbo wọn wọ̀. Ìdíje orin ń dúró dè wọ́n ní Auchi. Bàbá Oyèlékè, awakọ̀ wọn, fẹ́ ṣáná sí ọkọ̀ nígbà tí Ṣọlápé sún mọ́ fèrèsé rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má tíì gbéra. Páàdì bíréèkì tí wọ́n fi sẹ́sẹ̀ iwájú ọkọ̀ yìí kì í ṣe tirẹ̀."

Ariwo inú ọkọ̀ rọlẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni Ṣọlápé, òun gan-an ló sì máa lé orin níbi ìdíje náà.

Ìyá rẹ̀ ló ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Ìyàrò. Lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá, ìyá ti lọ ra ọjà l'Ékòó, Ṣọlápé ló ń ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù. Bọ́lájí, ọmọ yunifásítì tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ akọrin, wọlé wá pẹ̀lú páàdì tó ti jẹ tán lọ́wọ́, ó ní òun ń wá irú rẹ̀. Kò sí. J5 ti darúgbó, àwọn ọlọ́jà ò fi bẹ́ẹ̀ kó ẹ̀yà ara rẹ̀ wá mọ́. Ni Bọ́lájí bá nawọ́ sí páàdì ọkọ̀ mìíràn lórí pẹpẹ.

"Èyí jọ ọ́. Mẹkáníìkì á kàn ha etí rẹ̀, á sì wọlé."

Ṣọlápé gbé èyí tó ti jẹ lé tuntun lórí. Etí tuntun yọ síta. "Bùrọ̀dá, etí yìí ló ń dì í mú sí àyè rẹ̀. Tí wọ́n bá ha á, ó lè fò yọ lọ́jọ́ tí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì gan-an."

"Ṣé o fẹ́ kí a pàdánù ìdíje ni?"

Ọ̀rọ̀ náà gún un lọ́kàn. Orin yẹn ló fi ń sùn, òun ló fi ń jí. Ìyá rẹ̀ ò sì sí nílé; kò sẹ́ni tó máa bi í pé kí ló tà. Síbẹ̀, ó dá páàdì náà padà sórí pẹpẹ. Bọ́lájí fi ìbínú jáde. Àárọ̀ Sátidé yìí ni Ṣọlápé tó gbọ́ tí Bọ́lájí ń yangàn pé òun ti rí irú páàdì yẹn rà níbòmíràn, mẹkáníìkì sì ti bá àwọn ha etí rẹ̀ kó lè wọlé.

"Torí pé mi ò rà á lọ́wọ́ ìyá ẹ ni," Bọ́lájí wí ketekete láti inú ọkọ̀.

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Fọláyẹmí, ọ̀rẹ́ Ṣọlápé tímọ́tímọ́, gbójú sápá kan. "Abẹg, mek wi de go, ẹ jẹ́ ká máa lọ," ni ẹnì kan wí láti ẹ̀yìn.

Ṣọlápé lọ dúró sí ẹnu ọ̀nà ọkọ̀. "Ẹ lè bínú sí mi. Mi ò ní wọ̀ ọ́, mi ò sì fẹ́ kí ẹ wọ̀ ọ́."

Bàbá Oyèlékè yíjú sẹ́yìn. "Gbogbo yín, ẹ sọ̀kalẹ̀," ó wí. "Ẹ lọ dúró lẹ́bàá ògiri."

Òun nìkan ló wa ọkọ̀ náà yí ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì ká. Ó sáré díẹ̀, ó sì tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀. Irin dún gbàgà. Ọkọ̀ ò dúró. Bàbá yára yí i sí òkìtì iyanrìn tí wọ́n kó jọ fún iṣẹ́ ilé, ibẹ̀ ni ọkọ̀ náà ti imú bọ̀, tó sì dúró. Nígbà tí wọ́n pe mẹkáníìkì wá tú táyà, wọ́n rí i pé páàdì ti fò kúrò láyè rẹ̀.

Bọ́lájí lọ bá Ṣọlápé. "Jọ̀ọ́, má bínú. Níbo la ti lè rí ojúlówó?"

Ṣọlápé ò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó gba páàdì tó ti jẹ náà lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn méjèèjì sì ń ti ṣọ́ọ̀bù bọ́ sí ṣọ́ọ̀bù. Gbogbo ọlọ́jà ló ń mi orí. Bọ́lájí ti fẹ́ sọ̀rètí nù, ṣùgbọ́n ọmọbìnrin náà ò yé béèrè. Nítòsí ọjà Santana, obìnrin Ẹdó kan sọ fún wọn pé bàbá òun ta ẹ̀yà ara J5 nígbà tí ọkọ̀ náà ṣì jẹ́ tuntun, pé ìyókù ṣì wà nílé. Ó gbé páálí kan tí eruku bò jáde. Ṣọlápé gbé páàdì lé páàdì. Etí bá etí mu, bí àtẹ́lẹwọ́ méjì. Ẹ̀rín sọ lẹ́nu rẹ̀.

Oòrùn ti yẹ̀ kí mẹkáníìkì tó fi í sí i, kí ọkọ̀ sì tó gbéra. Nígbà tí wọ́n dé Auchi, wọ́n ti gbé ife ẹ̀yẹ fún ẹgbẹ́ mìíràn. Àwọn olùdarí kàn gbà kí wọ́n fi orin kan kádìí ètò, Ṣọlápé sì lé e débi pé àwọn tó ti ń lọ sílé padà wá dúró.

Lọ́nà àbọ̀, Bàbá Oyèlékè ní, "Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà, owó lọ́wọ́ ni wọ́n ń ra èké. Ẹ̀yin ọmọ, ẹni tó bá fẹ́ràn yín lè sọ ohun tí ẹ ò fẹ́ gbọ́. Ẹ gbọ́ ọ. Bí ó bá sì kan ẹ̀yin náà láti sọ ọ́, ẹ má wo ojú ẹnikẹ́ni."

Wọn ò gba ife. Ṣùgbọ́n lálẹ́ ọjọ́ náà, kò sí ìyá kankan ní Ìyàrò tó ń wá ọmọ rẹ̀.