Ramatou Kọ Oògùn Má-sùn

Ní Koumassi Remblais ní ìlú Abidjan, bí ọmọ ẹnì kan bá ń múra fún bac, ìdánwò àṣejáde ilé ẹ̀kọ́ girama, gbogbo àdúgbò ní í bá a múra. Àwọn kan á fi àdúrà ràn án lọ́wọ́, àwọn kan á fi adìẹ díndín. Tábìlì ni Àlàájì Màmúdù, ọmọ Ìgbòho tó ń ta aṣọ, fi ran Ramatou ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. Ó gbé tábìlì ìkàwé rẹ̀ kúrò ní yàrá, ó gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ gan-an, níbi tí àwọn ọmọ Ìgbòho ti ń ṣèpàdé lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú.

Kò sọ pé òun ń fi ọmọ ṣe fáàrí. Ó ní atẹ́gùn ló pọ̀ níbẹ̀.

Ooru ló pọ̀ níbẹ̀. Lọ́jọ́ Àìkú ìpàdé kan, Ramatou ti ń kàwé láti ìdájí, ó ti jẹ attiéké, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ wọn, àti ẹja yó bámúbámú, ojú rẹ̀ sì ń wúwo. Kò pẹ́, orí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ síwájú.

"Àlàájì!" Òkéwùmí, ọ̀kan nínú àwọn tó wá sípàdé, ló pariwo láti orí bẹ́ǹṣì. "Dókítà yín mà ń fi iwájú orí kí ìwé o!"

Rídwàn, ọmọ Òkéwùmí, yóò ṣe ìdánwò kan náà, bàbá rẹ̀ sì ti sọ ọ́ kiri pé ọmọ òun kò mọ bí oorun ti rí.

Ìpàdé rẹ́rìn-ín. Àlàájì náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ẹni tí bàtà há lẹ́sẹ̀ ni. Ó pe Ramatou sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì yọ ọ̀rá kékeré kan lápò. Hóró oògùn mélòó kan wà nínú rẹ̀, wọ́n pọ́n rúsúrúsú.

"Gbé ọ̀kan mì. Obìnrin tó ń kiri oògùn lọ́jà ló tà á fún mi. Ó ní ojú rẹ á là kedere."

"Kí lorúkọ rẹ̀, Bàbá?"

"Orúkọ obìnrin náà?"

"Orúkọ oògùn náà."

"Oògùn má-sùn ni. Àbí o fẹ́ bá a ṣe ìsọmọlórúkọ ni?"

"Non, Papa."

Àlàájì, tó ń fi Faransé tajà láti òwúrọ̀ di alẹ́, kò gbọ́ Faransé mọ́ lójijì. Ramatou bá fi Yorùbá tún un sọ.

"Mi ò ní mu ún."

Kò sẹ́ni tó kọ̀ fún Àlàájì rí lójú àlejò. Ramatou gba ọ̀rá náà, ó rìn wọ àárín ìpàdé, ó kúnlẹ̀ níwájú Nadège, ìyàwó Idrissa ọmọ Ìgbòho ẹgbẹ́ wọn. Apòògùn ni Nadège ní ilé oògùn kan ní àdúgbò Marcory. Orúnkún rẹ̀ wà nílẹ̀, ohùn rẹ̀ kò kúnlẹ̀.

"Tàńtì, ẹ bá mi wo èyí. Wọ́n ní kí n gbé e mì kí n má baà sùn."

Nadège yí i síwá sẹ́yìn. "Kò ní páálí, kò ní orúkọ, kò sí ọjọ́ tí agbára rẹ̀ yóò tán lára rẹ̀. Oòrùn ọjà sì ti yan án bí ẹ̀pà. Àlàájì, ṣé ẹ lè ra ìgàn aṣọ lọ́wọ́ ẹni tí kò jẹ́ kí ẹ tú u wò?"

"Láéláé!"

"Síbẹ̀, ẹ ra èyí tí ọmọ yín yóò gbé mì."

"Ẹ má dẹ́rù bà wá jàre," ni Òkéwùmí wí. "Rídwàn ti ń lò ó tipẹ́. Akin ni!"

Ramatou kọjú sí i. "Bàbá Rídwàn, ẹ má bínú. Lọ́jọ́ Ẹtì, ọwọ́ Rídwàn gbọ̀n ní kíláàsì títí bíìkì ìkọ̀wé fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní àyà òun ń lù kìkì. Ohun tó ti kọ́ sórí, kò rí ìlà kan kọ níbẹ̀. Ó ní ká má sọ fún yín. Mo ti sọ ọ́."

Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu Òkéwùmí.

"Yako, ẹ pẹ̀lẹ́, Bàbá Rídwàn," ni Nadège wí, "ẹ dìde, ẹ gbé ọmọ yín lọ sí ọsibítù nísinsìnyí. Ẹ mú èyí tó kù nínú oògùn rẹ̀ dání, kí wọ́n lè mọ ohun tó gbé mì."

Bàtà ẹlòmíràn ni Òkéwùmí wọ̀ jáde.

Àlàájì jókòó pẹ̀sẹ̀. "Ìyàwó wa, báwo ni tèmi yóò ṣe wá ṣe é tí kò fi ní sùn?"

"Kó sùn ni, Àlàájì. Oorun alẹ́ ni ọpọlọ fi ń to ohun tí a kà pamọ́. Bó bá sì ń tòògbé lọ́sàn-án, kó sùn fún bí ogún ìṣẹ́jú, kó bọ́jú, kó mu omi, kó rìn díẹ̀, kó wá máa kà á sókè. Kó má sì jẹun yó jù kó tó jókòó ti ìwé."

"Kó sùn? Lójú gbogbo èèyàn yìí?"

Ramatou ti ń tẹ́ ẹní. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wò mí. Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ gbé mi síta."

Ó fi gèlè bojú, ó sùn.

Moufoutaou, tó máa ń pẹ́ dé ìpàdé, wọlé pẹ̀lú ariwo ìkíni. Àlàájì dìde, ó fẹ agbádá.

"Ẹ rọra sọ̀rọ̀! Ọmọ mi ń sùn. Apòògùn ní òun kò rí irú oorun tó dáa bẹ́ẹ̀ rí ní gbogbo Abidjan."

Nadège kò sọ ohun tó jọ ọ́, ṣùgbọ́n irọ́ yìí kò pa ọmọ ẹnikẹ́ni lára. Wọ́n fi í sílẹ̀ fún un.

Ẹ̀yin òbí, oògùn tí wọ́n ń kiri lójú ọ̀nà kì í ṣe oògùn ìkàwé. Ó lè ba ọkàn àti ọpọlọ ọmọ jẹ́. Ilé oògùn ni kí ẹ ti máa ra oògùn, kí ẹ sì kọ́kọ́ bi onímọ̀ léèrè. Ẹ jẹ́ kí ọmọ sùn lálẹ́. Ẹ̀yin ọmọ, bó tilẹ̀ jẹ́ bàbá tó bí yín ló nà án sí yín, ẹ fi ọ̀wọ̀ kọ̀ ọ́, kí ẹ sì kọ̀ ọ́ sókè ketekete, kí gbogbo ilé gbọ́.