Ikọ́ Tó Pa Morónkẹ́ Lẹ́nu Mọ́

Kí ló dé tí obìnrin tí ẹ̀rù ń bà yóò fi la ẹnu rẹ̀ sọ pé ẹ̀rù kò ba òun? Ọlọ́pàá bi Morónkẹ́ ní ẹnu ọ̀nà ilé wọn ní Eastbury, ní ìlú London, ó ní rárá. Alàgbà Olúbọ̀dé bi í nínú yàrá àdúrà ìjọ wọn, ó ní rárá. Adájọ́ pàápàá bi í ní ilé-ẹjọ́ ẹbí, rárá náà ló tún sọ. Bẹ́ẹ̀, ọwọ́ òsì rẹ̀ tí Gbádébọ̀ ọkọ rẹ̀ ṣẹ́ kò ṣeé nà tán títí di òní.

Ẹ jẹ́ kí a fara balẹ̀ wo ọ̀rọ̀ náà, nítorí ẹni tó bá yára dájọ́ yóò ní irọ́ ni obìnrin náà pa.

Nígbà tí ọlọ́pàá ń béèrè, ẹ̀yìn Morónkẹ́ gan-an ni Gbádébọ̀ dúró sí. Kò sọ nǹkan kan. Ó kàn wúkọ́ díẹ̀, bí ẹni tí ọ̀fun ń yún. Nínú yàrá àdúrà, ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni àwọn méjèèjì jókòó sí. Ó tún wúkọ́. Morónkẹ́ nìkan ló mọ̀ pé ikọ́ náà kì í ṣe ti òtútù.

Nígbẹ̀yìn, ó mú Wúrà, ọmọ wọn obìnrin, ó sá lọ sí yàrá kan nítòsí ibùdókọ̀ ojú irin Barking. Gbádébọ̀ gba ilé-ẹjọ́ lọ pé òun fẹ́ máa rí ọmọ òun.

Lọ́jọ́ ìgbẹ́jọ́ àkọ́kọ́, àga gbọọrọ kan ṣoṣo ló wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí gbogbo ènìyàn ti ń dúró. Bí Morónkẹ́ ṣe rí Olúfọlákẹ́, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ obìnrin, orúnkún rẹ̀ ti kanlẹ̀ kó tó rántí pé ẹjọ́ ló bá wá.

"Ẹ káàárọ̀ mà."

"Dìde, ìyàwó wa. Dìde jàre, òyìnbó ń wò wá." Olúfọlákẹ́ fà á jókòó ti ara rẹ̀, kò sì fi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ mọ́. "Mo gbọ́ pé wọ́n fẹ́ fún ọ ní ògbufọ̀. Ìwọ tí ò ń ra ẹja ní ọjà East Street láti ọjọ́ yìí! Èdè wo lo fi ń ná an? Má dójú tì wá o. Sọ fún wọn pé o gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì."

Morónkẹ́ sọ fún wọn pé òun gbọ́. Nínú yàrá ẹjọ́, tábìlì kan péré ló wà láàrin òun àti Gbádébọ̀. Adájọ́ rọra béèrè bóyá ẹ̀rù ọkọ rẹ̀ ń bà á. Gbádébọ̀ wúkọ́.

"Nó, sà," ni Morónkẹ́ wí.

Bí ó ṣe di pé, títí ẹjọ́ yóò fi parí, ilé bàbá rẹ̀ ni Wúrà yóò máa lọ sùn ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ nìyẹn.

Wúrà kò sunkún. Kò kọ̀ láti lọ. Ṣùgbọ́n bí Jímọ̀ bá ti mọ́, kò ní fi ẹnu kan oúnjẹ. Ìyá rẹ̀ a din dòdò tó fẹ́ràn jù, dòdò náà a tutù sínú àwo. Olùkọ́ rẹ̀ ṣàkíyèsí pé bákan náà ló ń rí nílé ẹ̀kọ́, ó sì fi tó àwọn tó ń bójú tó ọ̀ràn ọmọdé létí.

Láti ibẹ̀ ni Moṣọpẹ́ ti wọ inú ọ̀rọ̀ náà. Dagenham, nítòsí Barking, ni wọ́n bí ọ̀dọ́bìnrin yìí sí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa ran àwọn ẹbí tí ìwà ipá inú ilé kàn lọ́wọ́ ní ilé-ẹjọ́. Ó pe Morónkẹ́ wá sí ọ́fíìsì rẹ̀, ó sì kọ́kọ́ ti ilẹ̀kùn.

"Àǹtí, mi ò ní bi yín bóyá ẹ̀rù ń bà yín. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni pé, nígbà tí àwọn yòókù ń bi yín, ta ló wà níbẹ̀?"

Morónkẹ́ ronú lọ, ó ronú bọ̀.

"Òun ni. Òun náà ni nígbà gbogbo."

"Ó dáa. A jẹ́ pé kò tíì sẹ́ni tó bi yín rí."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Morónkẹ́ lákínyẹmí ara. Ó wí pé, "Alàgbà wa ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́."

"Àǹtí, ṣé ọ̀rẹ́ ni yín kí ẹ tó lọ?"

Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu Morónkẹ́, àfi bí ẹ̀rín náà ṣe di ẹkún. Moṣọpẹ́ jẹ́ kó sun ún tẹ́rùn.

"Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ń sọ káàkiri ìjọ pé ìjọba fún mi lówó kí n fi tú ilé ká."

"Owó wà lóòótọ́. Owó ìrànwọ́ ni, wọ́n fún wa ká lè máa bá ilé-ẹjọ́ ṣiṣẹ́. Kọ́bọ̀ kan ò ní kàn yín níbẹ̀, Àǹtí, ẹ má bínú. Kò sì ní kan adájọ́. Owó yàrá la fi ń san, kẹ́ ẹ lè dúró níbi tí wọn ò ti ní rí yín. Aṣọ ìkélé la fi ń rà, tí wọ́n á ta sáàrin ẹ̀yin àti bàbá Wúrà. Òun la fi ń gba èmi tí màá jókòó tì yín síṣẹ́, àti ẹni tó máa bá Wúrà sọ̀rọ̀ lóun nìkan, kí adájọ́ lè mọ ohun tó wà nínú ọmọ náà."

"Ògbufọ̀ ńkọ́? Bó bá lọ jẹ́ ọmọ ìjọ wa? Ní Barking yìí, ta ni kò mọ ta ni?"

"Ilé-ẹjọ́ ló ń wá ògbufọ̀, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ sọ orúkọ ìjọ yín fún mi, a ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n wá ẹni tó jìnnà sí yín."

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ìtura dé lójú ẹsẹ̀. Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, sùtánà funfun kún inú ìjọ, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ Morónkẹ́. Alàgbà kí gbogbo ènìyàn, ó fo tirẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará, ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ òtítọ́ lẹ́nu ẹni tí ẹ̀rù ń bà, kó kọ́kọ́ gbà á kúrò lábẹ́ ojú ẹni tó ń dẹ́rù bà á. Bí irú ẹjọ́ báyìí bá kàn yín, ẹ sọ fún ilé-ẹjọ́ ṣáájú ọjọ́ náà pé ẹ fẹ́ yàrá ọ̀tọ̀ àti aṣọ ìkélé. Ẹ béèrè ògbufọ̀, bí ẹ tilẹ̀ ń fi Gẹ̀ẹ́sì ra ẹja. Èdè tí a fi ń ná ọjà kò tó ròyìn ìrora. Ẹ má ṣe fi àna tàbí ọmọ yín ṣe ògbufọ̀. Ẹ wádìí bóyá òṣìṣẹ́ bíi Moṣọpẹ́ wà ní ilé-ẹjọ́ tiyín, nítorí kì í ṣe ibi gbogbo ni irú owó ìrànwọ́ bẹ́ẹ̀ dé. Bí ewu bá dé bá yín, ẹ pe ọlọ́pàá ní 999. Ẹ̀yin àgbà ìjọ, ẹ má ṣe bi ìyàwó léèrè lójú ọkọ rẹ̀. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a tún béèrè ẹni tó pa á lẹ́nu mọ́.

Ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ kejì pé. Ọ̀nà ẹ̀yìn ni Moṣọpẹ́ mú Morónkẹ́ gbà wọlé. Kò rí Olúfọlákẹ́, orúnkún rẹ̀ kò sì kanlẹ̀. Aṣọ ìkélé ti wà ní títa. Ohùn ògbufọ̀, obìnrin kan tó ń gbé ní ìlú Leeds tó jìnnà, ń ti inú ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ wá.

"Ìyá Wúrà, adájọ́ ń béèrè: ṣé ẹ̀rù bàbá Wúrà ń bà yín?"

Lẹ́yìn aṣọ ìkélé, ẹnì kan wúkọ́.

Morónkẹ́ mọ ikọ́ náà. Ó di etí tábìlì mú. Moṣọpẹ́ kò fọwọ́ kàn án. Ó kàn jókòó tì í. Morónkẹ́ rántí dòdò tó ń tutù sínú àwo ní òwúrọ̀ Jímọ̀. Omi bọ́ lójú rẹ̀, kò nù ún.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ló wí. "Ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí. Ẹ̀rù rẹ̀ ń ba ọmọ mi náà."