Ìṣẹ́jú Méjìlá ní Yàrá Ijó Kẹrin

Obìnrin tó ń gbálẹ̀ ló rí òkú Iiris Kallas láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, nísàlẹ̀ àkàbà, ní yàrá ijó kẹrin nílé-ẹ̀kọ́ ijó kan nílùú Turku, lórílẹ̀-èdè Finland. Ọrùn rẹ̀ ti ṣẹ́. Gbogbo èèyàn ní ó já bọ́ ni. Ìsípẹ́kítọ̀ Harjula wo òkú náà, kò mọ nǹkan kan lára. Ọdún mẹ́tàlélógún lẹ́nu iṣẹ́ ti sọ ọkàn rẹ̀ di igi gbígbẹ, òun náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ṣì ń ríran. Káàdì inú kámẹ́rà ọmọbìnrin náà ti lọ. Lókè àjà tí wọ́n ń so iná ìtàgé mọ́, ẹnì kan ti dọ̀bálẹ̀ títí tí àyà rẹ̀ fi nu eruku ibẹ̀ kúrò.

"Ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ ńkọ́?" ló bi Ọ̀jọ̀gbọ́n Lindroos, ìyá tó ń bójú tó ìwádìí Iiris.

"Kì í fi sílẹ̀, ọ̀gá. Ọdún méjì ló fi tilẹ̀kùn mọ́rí níbí, tó ń ṣe ìwádìí oyè másítà rẹ̀. Ijó ìṣẹ́jú méjìlá. Ọjọ́ Ẹtì ni ì bá jó o fún wa. Kò sẹ́ni tó tíì rí i, èmi gan-an ò rí i. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ."

Orin kan ń dún ní yàrá kejì. Ìka ìyá náà ń yí díẹ̀díẹ̀ lórí tábìlì.

"Kí lẹ̀ ń ṣe yẹn?"

"Áà, ẹ má dá mi lóhùn. Oníjó tó bá ti mọ ijó kan, ọwọ́ rẹ̀ kì í gbọ́ orin rẹ̀ kó jókòó jẹ́ẹ́."

Venla Rautio, ọ̀rẹ́ Iiris tí wọ́n jọ ń kẹ́kọ̀ọ́, ń mu kọfí nílé oúnjẹ.

"Ṣé o rí ijó yẹn rí?"

"Èmi kẹ̀? Iiris ahun yẹn? N ò rí i, n ò sì gbọ́ ohùn tó ń jó sí rí."

"Tìrẹ ńkọ́?"

"Tèmi ò tíì bẹ̀rẹ̀. Ọdún méjì, ara mi ò sọ nǹkan kan." Ó sọ ọ́ bí ẹni ń ka àkókò ọkọ̀.

Nígbà tó di ọ̀sán, Tauno, bàbá Iiris, wọ bọ́ọ̀sì dé láti Rauma. Kò sunkún.

"Ó ní kí n ní sùúrù di ọjọ́ Ẹtì," ni bàbá náà wí. "Mo tiẹ̀ ti ra bàtà tuntun. Ijó yẹn nìkan ni mo fẹ́ rí, ọ̀gá."

Harjula kó àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọ yàrá kẹrin. Ohùn tí Iiris ń jó sí ṣì wà nínú ẹ̀rọ. Ó tan ẹ̀rọ náà. Yìnyín orí odò ń là, ó ń dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, lẹ́yìn náà gbogbo rẹ̀ pa lọ́lọ́. Ìdákẹ́jẹ́ náà pẹ́ débi tí Tauno fi rò pé ó ti tán. Lójijì, yìnyín kan ṣẹ́, ó dún gbàmù. Bàbá náà ta gìrì, ọ̀jọ̀gbọ́n náà ta gìrì.

Venla kò ta gìrì.

"Àtẹ́lẹwọ́ rẹ ti ṣí kí ìró yẹn tó dún," ni Harjula wí. "Ìwọ tó o ní o ò gbọ́ ọ rí. Orí àjà lo dọ̀bálẹ̀ sí tó o ń yọjú wò ó. Ó rí ọ, ó fẹ́ gun àkàbà wá bá ọ, o sì ti àkàbà."

Venla wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Oṣù méjì ni mo fi ń wò ó. Ojú kì í rí arẹwà kó má kí i. Ìgbà tí mo bá ń wò ó nìkan lara mi ń jí. Ó ní òun máa sọ fún gbogbo ayé pé mo ń yọjú wo òun. Mo ti ju ìwé àti káàdì náà sínú iná tó ń mú ilé ìwẹ̀ sáúnà gbóná."

Ọ̀jọ̀gbọ́n náà bú sẹ́kún. Tauno dìde, ó sún mọ́ Venla.

"Ọmọ, ṣé o mọ ijó náà?"

Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Bàbá náà wo Harjula. Harjula ti mú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ jáde. Ó mọ̀ pé a kì í ṣe é, síbẹ̀ ó dá a padà sápò, ó tún tan ohùn náà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Venla bọ́ bàtà. Ó ń jó, Tauno sì ń wo ọmọ rẹ̀ lára ẹni tó pa á. Nǹkan kan ń padà bọ̀ láyà Harjula bí ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ ń padà sínú ẹsẹ̀ tó kú, ó sì ń dùn ún gan-an. Yìnyín náà ṣẹ́, àtẹ́lẹwọ́ ṣí, Venla yí lẹ́ẹ̀mejì, ó sì dúró, ó gbé ojú sókè sí àjà. Ohùn náà ṣì ń lọ nínú ẹ̀rọ.

"Kí ló dé tó o dúró?" ni Tauno bi í.

"Ibí ló dé, Bàbá, nígbà tó gbójú sókè, tó rí mi."

Harjula pa ẹ̀rọ náà.