Irun Tí A Tú Dé Àárín

Ẹ̀yìn táńkì omi ni wọ́n ti rí Jésùlọlá, nínú ọgbà ilé tí òun àti ìyá rẹ̀ ń gbé ní Agbowó, ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni. Apá rẹ̀ òsì ti dá, ẹ̀yìn rẹ̀ sì kún fún ojú ẹgba. Ó lajú sílẹ̀, kò sunkún, kò sì sọ̀rọ̀. Bàdírátù, ará ilé tó wá pọnmi, ló figbe ta.

Nígbà tó máa di aago mẹ́wàá, Sájẹ́ńtì Bọ́láwùmí ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀ ní ọsibítù. Ó ti rí òkú rí, ó ti rí orí tí wọ́n fi igi là rí, ṣùgbọ́n ìdákẹ́jẹ́ ọmọ yìí bà á lọ́kàn jẹ́ jù wọ́n lọ. Ó wo orí rẹ̀. Irun tí wọ́n fi òwú dúdú kó ni, òwú pupa ni wọ́n sì fi so ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Apá ọ̀tún ti tú wúruwùru, apá òsì ṣì wà bó ṣe wà. Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ láìtíì mọ ohun tó máa fi ṣe.

Ọ̀gbẹ́ni Bùsàrí, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ ọmọdé, kò ráyè irun. Ìwé kan ló gbé síwájú Bọ́láwùmí. Ní oṣù tó kọjá, àwọn olùwádìí kan kiri Agbowó àti Onírèké, wọ́n bi àwọn òbí ní ogójì ìbéèrè, kí wọ́n lè fi wọn ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ lè le jù sí ọmọ. Ṣé wọ́n máa ń nà yín ní kékeré? Ṣé ẹ̀yin nìkan lẹ ń tọ́ ọmọ? Ṣé ọmọ yín ti bí yín nínú rí? Ẹni tí máàkì rẹ̀ bá pọ̀, òun ni kí wọ́n máa ṣọ́. Islamiat, ìyá ọmọ náà, tó ń ṣiṣẹ́ onídìrí, gba mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ọládàpọ̀, bàbá rẹ̀, tí òun àti ìyá náà ti túká tó sì ń gbé ní Onírèké, gba òdo.

"Kí la tún ń wá, Sájẹ́ńtì?" ni Bùsàrí wí. "Tó bá di aago mẹ́rin, mo máa fa ọmọ lé bàbá rẹ̀ lọ́wọ́."

Ẹ̀rù ba Bọ́láwùmí. Bó bá jẹ́ ibi tí wọ́n ti fẹ́ pa ọmọ ni wọ́n tún ń dá a padà sí ńkọ́? Ó mú ìwé ìbéèrè náà, ó dáhùn rẹ̀ fún ara rẹ̀ nínú ọkàn. Mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọmọ méjì ló wà nílé rẹ̀ tí kò na ọ̀kan rí.

Ọ̀dọ̀ Bàdírátù ló kọ́kọ́ lọ, nítorí òun ló ń bá Islamiat wo ọmọ lẹ́yìn ilé-ìwé, pankẹ́rẹ́ sì wà lára ògiri rẹ̀. Bàdírátù ní ewúrẹ́ lòun fi ń lé. Dókítà sì ti sọ pé kì í ṣe pankẹ́rẹ́: wáyà tí wọ́n ṣẹ́ po méjì ni, nítorí ojú ọgbẹ́ náà ká kọ́rọ́ lórí. Ohun tí obìnrin náà sọ tẹ̀ lé e ló mú Bọ́láwùmí dúró. Ó ní ọmọ yẹn kì í jẹ́ kí wọ́n tú irun rẹ̀ láìsunkún, gbogbo ilé ló ń gbọ́ ọ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú. Lánàá, òun ò gbọ́ nǹkan kan.

Islamiat jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní àgọ́ ọlọ́pàá tí wọ́n mú un lọ, gèlè rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní ọjọ́ Ẹtì ni Ọládàpọ̀ mú ọmọ lọ. Aago márùn-ún ọjọ́ Àìkú ló yẹ kó dá a padà. Òun pè é lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ọládàpọ̀ ní ọmọ ti sùn, ilé-ìwé lòun máa gbé e lọ tààrà lọ́jọ́ Ajé.

"Ẹ ò ní gbà mí gbọ́," ló wí. "Àwọn tó wá bi wá léèrè ní ká sọ òótọ́, mo sì sọ ọ́. Mo ní wọ́n nà mí ní kékeré. Mo ní inú máa ń bí mi. Òótọ́ yẹn náà lẹ fi ń mú mi."

Bọ́láwùmí bi í nípa irun. Ó ní kíkó ni ilé-ìwé ní kí wọ́n ṣe lọ́sẹ̀ tó kọjá, ṣùkú ni tọ̀sẹ̀ yìí. Ọjọ́ Àìkú lòun ń tú ti àtijọ́. Bó bá sì tú u, kì í dà á nù. Ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ pé a kì í da irun ọmọ sílẹ̀ kí ẹlòmíràn má baà ṣa á. Inú ike kan lábẹ́ ibùsùn ló ń kó irun náà àti òwú rẹ̀ sí. Islamiat náà sì ti kọ́ Jésùlọlá bẹ́ẹ̀.

Bọ́láwùmí lọ wo ike náà. Irun àtijọ́ wà níbẹ̀. Òwú pupa irú ti orí ọmọ náà kò sí níbẹ̀, ẹyọ kan ṣoṣo.

Aago mẹ́ta ku díẹ̀ ló dé Onírèké. Ọládàpọ̀ fi ọ̀wọ̀ kí i, ó fún un ní àga, ó ní òun ti dá ọmọ padà fún ìyá rẹ̀ lánàá. Aṣọ ọ̀gá ló wọ̀, ṣùgbọ́n ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ rún. Àyọ́ọ̀nù wà lórí tábìlì. Wọ́n ti gé wáyà rẹ̀ kúrò nídìí.

"Báwo ni irun ọmọ ṣe rí nígbà tí ẹ dá a padà lánàá?"

"Ó pé pérépéré, mà. Ẹyọ kan ò tú. Ìyá rẹ̀ ló ń tú u lálẹ́. Ọmọ ò jókòó jẹ́ẹ́, ó bá bínú nà án."

"Ó dáa. Ṣé Jésùlọlá ti bí ẹ̀yin nínú rí?"

"Láéláé, mà."

Ta ló tọ́ ọmọ tí ọmọ ò bí nínú rí? Bọ́láwùmí mọ̀ pé irọ́ ni, ṣùgbọ́n ìmọ̀ nìkan kò lè gba ọmọ là. Ó wo inú yàrá títí. Bí ọmọ bá tú irun níbí, tí kò gbọdọ̀ dà á nù, ibo ló máa kó o sí? Ó dìde, ó ń gbé tìmùtìmù àga ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Abẹ́ ìkẹta ni ó wà: òwú dúdú tí wọ́n ká jọ dáadáa, ìdí rẹ̀ pupa, irun tínńtín ṣì rọ̀ mọ́ ọn.

Ọládàpọ̀ jókòó.

"Ó ń tú u níwájú mi," ló wí. "Ó ní ìyá òun ló máa di ṣùkú fún òun, kí n tètè gbé òun lọ sílé. Ilé! Ibí kì í ṣe ilé? Mo ní kó dáwọ́ dúró. Kò dáwọ́ dúró. Mo mú wáyà. Ó ń sá, ó ṣubú lé apá rẹ̀."

"Ẹ wá gbé e lọ sẹ́yìn táńkì."

"Ní ìdájí. Ọ̀gá Bùsàrí ti sọ iye tí ìyá rẹ̀ gbà fún mi. Mo mọ̀ pé òun lẹ máa mú."

"Nínú ìwé ìbéèrè, ẹ ní wọn ò nà yín rí ní kékeré."

Ó wo àyọ́ọ̀nù náà. "Wáyà ni bàbá tèmi náà ń lò," ló wí.

Nígbà tí Bọ́láwùmí sọ fún Bùsàrí, ọkùnrin náà ká ìwé rẹ̀, ó wolẹ̀. Bọ́láwùmí sọ fún un pé ẹni tó gbìyànjú láti sọ òótọ́ ni wọ́n fẹ́ fìyà jẹ.

Ní aago mẹ́rin, Islamiat, tí wọ́n ti dá sílẹ̀, wọ yàrá ọsibítù. Ó bu omi sórí ọmọ rẹ̀, ó rọra ń tú irun apá òsì tó kù, ó ń kó òwú náà sórí itan rẹ̀. Ọmọ náà wo òwú yẹn pẹ́.

"Ìyókù wà lábẹ́ tìmùtìmù Dádì," ló wí. "Mi ò dà á nù, Mọ́mì."